Awọ Ló Bó, Igi Kò Kú

   Ọ̀rọ̀ owó oṣù, iṣẹ́ alẹ́ àti ìwà àwọn ọ̀gá ni a sábà máa ń sọ ní ojú-ìwé yìí. Lónìí a fẹ́ bá yín wọ inú ilé lọ. Ọ̀rọ̀ àga, tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù àti ibùsùn wa ni a fẹ́ sọ, àwọn tí fánísì ara wọn ń bó, tí a sì ń wò wọ́n bí òkú.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, "Kí ló kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú àga tó ń bó?" Ó kàn wá gan-an. Ní oṣù May ọdún 1981, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà pé ₦125 ni owó oṣù tó kéré jù lọ. Ní ọdún 2024, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì àti ìpàdé lórí ìpàdé, iye náà di ₦70,000. Kò sí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rín fún wa nínú méjèèjì. Owó tí a fi òógùn gbà lọ́nà báyìí, ṣé ó yẹ kí a máa gbé e lọ fún oníṣòwò àga ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta nítorí pé awọ ara àga àtijọ́ bó? Lójú tiwa, kò yẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òṣìṣẹ́ ń jà fún owó rẹ̀: ó ń jà kí ó tó wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ jà kí ó má baà jáde lófo.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ọ̀kan nínú wa ní ẹ̀ka yìí jogún àga ìrókò mẹ́rin lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ibi tí a ń gbé ọwọ́ lé lára àwọn àga náà ti dúdú, ẹ̀yìn wọn sì ń bó ní ìpẹ́pẹ́ bí ẹja. Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ń súnmọ́, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó fi ra àga tìmùtìmù tó ń dán bí ojú dígí, ó sì ní kí alágbàtà kan wá kó ti àtijọ́ lọ ní owó tí kò tó nǹkan. Oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi yọ gbèsè náà lára owó oṣù rẹ̀. Kò tíì san án tán tí awọ oníke tí wọ́n fi bo àga tuntun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, tí ó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ àlejò.

Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ló dùn ún jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ó rí àga mẹ́rin tí wọ́n tò sí ẹ̀bá títì fún títà, tí ara wọn pọ́n bí oyin. Ó dúró, ó yí ọ̀kan dojú dé. Lábẹ́ rẹ̀ ni ó ti rí orúkọ ara rẹ̀ tí ó fi ìṣó ha nígbà tí ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Iye náà ju èyí tí ó fi ra tuntun lọ. Ẹlẹgbẹ́ wa yìí ló ní kí a sọ ọ́ fún gbogbo yín, kí ẹlòmíràn má baà kó sínú irú ọ̀fìn bẹ́ẹ̀.

Kí ni alágbàtà yẹn ṣe tí ẹlẹgbẹ́ wa kò lè ṣe? Ó ra sáńpépà díẹ̀ àti agolo fánísì kan, ó sì fi sùúrù ọjọ́ mélòó kan kún un. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

OHUN TÓ Ń MÚ ARA ÀGA BÓ

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ọ̀dà ara dánfó bá ń ṣí, tí ìpẹtà sì ti yọjú, ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ náà kò tíì kú. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá kun ọ̀dà tuntun lé ìpẹtà lórí ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Kí òjò méjì tó rọ̀, ìpẹtà á ti tún jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àga rí. Aṣọ ni fánísì jẹ́ fún igi. Bí aṣọ bá gbó lára ènìyàn, a kì í sin ẹni tó wọ̀ ọ́.

Ohun kìíní tó ń fa bíbó ni pé igi kì í dúró sójú kan. Igi tí a ti gé, tí a là, tí a sì kàn pọ̀, kò ṣíwọ́ láti máa mu ọ̀rinrin àti láti máa tú u jáde. Nígbà ọyẹ́, ara rẹ̀ gbẹ, ó sún kì. Nígbà òjò, ó mu ọ̀rinrin, ó wú. Fánísì tó ti gbó ti le, kò lè bá a ná, kò sì lè bá a sún. Ó sán. Bí ó bá sì ti sán, omi tí a fi ń nu àga yóò gba ojú sísán náà wọlé, yóò sì máa ti fánísì sókè láti abẹ́.

Ohun kejì ni oòrùn. Àga tí ó wà lẹ́bàá fèrèsé, tí oòrùn ọ̀sán ń pa lójoojúmọ́, ni yóò kọ́kọ́ bó, nítorí pé ìtànṣán oòrùn ń ba fánísì jẹ́, ó sì ń ba ojú igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Ẹ wo àga méjì tí a rà lọ́jọ́ kan náà, tí ọ̀kan wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, tí èkejì wà lójú fèrèsé. Ẹ ó rí i pé wọn kì í gbó bákan náà.

Ohun kẹta ni àwa fúnra wa. A ń gbé ìkòkò gbígbóná lé tábìlì. A ń gbé ife omi tútù lé e, a sì ń fi í síbẹ̀ di òwúrọ̀. Òógùn ọwọ́ àti òróró ìpara orí wa ń rọ fánísì ibi ìgbọ́wọ́lé àti ibi ìgbórílé, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ kí ó tó bó. Àwọn mìíràn sì ń fi kẹrosíìnì nu àga kí ó lè dán. Ó dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n òróró tó fi sílẹ̀ kì í jẹ́ kí fánísì mìíràn di mọ́ ọn dáadáa lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ tún un ṣe.

Ohun kẹrin ni iṣẹ́ ìkánjú láti ọwọ́ ẹni tó kàn án. Igi tí kò gbẹ tán, eruku tí a kò nù, fánísì tí a kùn lé èyí tí kò tíì gbẹ: gbogbo wọn ni yóò bó láìpẹ́ ọjọ́. Ìrókò àti tíìkì pàápàá ní oje tàbí òróró nínú, tí kì í jẹ́ kí fánísì tètè gbẹ tàbí kí ó di mọ́ wọn bí ti igi mìíràn. Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ yóò fi tínà nu ojú wọn kí ó tó kùn wọ́n.

BÍ A ṢE LÈ TÚN UN ṢE

Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bí fánísì bá bó níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, iṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi kan ni. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ títí gbogbo ara àga fi bó, ó di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ kọ́kọ́ fọ àga náà. Ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fún aṣọ náà gbẹ kí ẹ tó fi nu ún, ẹ má da omi lé igi lórí. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún, kí ẹ sì gbé e sí ibòji fún ọjọ́ méjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ohun tí wọ́n fi kùn ún tẹ́lẹ̀. Ẹ wá kọ̀rọ̀ kan lábẹ́ àga níbi tí ojú kò tó, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sipírítì nù ún. Bí ó bá yọ́ tí ó ń lẹ̀ mọ́ òwú, pọ́líṣì àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ń fi oje tí kòkòrò kan ní ilẹ̀ Íńdíà ń pọ̀ sára igi ṣe. Bí sipírítì kò bá mú un, ẹ fi tínà dán an wò. Bí tínà bá yọ́ ọ kíákíá, lákà ni, irú èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀rọ fín. Bí kò bá yọ́ rárá, tàbí tí ó kàn wú tí ó sì hunjọ, fánísì ni. Kí ni ìwúlò ìwádìí yìí? Ohun tó wà lára àga ni ó dára jù kí a fi tún ibi tó bó ṣe. Ẹni tó bá fi lákà olómi tínà lé fánísì lórí yóò rí i tí gbogbo rẹ̀ yóò hunjọ bí awọ ọ̀pọ̀lọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ibi díẹ̀ ló bó, ẹ fi irin pẹlẹbẹ ha èyí tó ti ṣí nìkan. Èyí tó bá ṣì dì mú igi, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wá mú sáńpépà 180, ẹ fi ha etí ibi tó bó títí ọwọ́ kò fi ní mọ ibi tí fánísì parí sí àti ibi tí igi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi 240 tẹ̀lé e. Ìlà ara igi ni kí ẹ máa tọ̀, ẹ má ha á níbùú, nítorí gbogbo ibi tí ẹ bá ha níbùú ni yóò yọ bí ilà ojú nígbà tí fánísì bá dé orí rẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ fi aṣọ tí ó tutù díẹ̀ nu gbogbo eruku kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kùn ún, ẹ kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́. Fánísì fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta dára ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, nítorí èyí tó nípọn yóò gbẹ lójú, inú rẹ̀ yóò sì wà ní rírọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ bí agolo rẹ̀ ti wí. Ọjọ́ kan kò pọ̀ jù nígbà òjò. Láàárín èkíní àti èkejì, ẹ fi sáńpépà 320 fọwọ́ rà á lójú, kí ẹ sì nu eruku rẹ̀. Ẹ má kun pọ́líṣì onísipírítì tàbí lákà ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, nítorí ọ̀rinrin yóò mú kí ojú rẹ̀ funfun bí ẹni pé èéfín wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì kun ohunkóhun níta nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ eruku kiri. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò ti dá, tí afẹ́fẹ́ kò sì le, ló dára jù.

Àwọn tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tí ojú wọn jẹ́ igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí tàbí igi mìíràn. Bí etí irú èyí bá ṣí, ẹ má fà á ya. Ẹ fi ọ̀bẹ tínínrín ti gúlúù funfun àwọn káfíńtà sí abẹ́ rẹ̀, ẹ nu èyí tó bá tú jáde, ẹ tẹ́ ọ̀rá lé e, kí ẹ sì gbé òkúta wúwo tàbí búlọ́ọ̀kù lé e di ọjọ́ kejì.

A kò ní tàn yín jẹ. Àwọn ohun kan wà tí kò ní àtúnṣe. Pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀, bí ó bá ti mu omi tí ó sì wú, kò ní padà sí bí ó ti wà. Kí a pààrọ̀ pákó náà nìkan ni, kí a sì kun etí tuntun náà dáadáa kí omi má baà rí ọ̀nà wọlé. Bákan náà ni awọ oníke tó ń bó lára àga tìmùtìmù. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń tú u ká láti inú wá, kò sí ìpara tó lè dì í padà. Bí igi àti fóòmù rẹ̀ bá ṣì dára, ẹ jẹ́ kí a fi aṣọ gidi bò ó. Aṣọ lásán la ó san owó rẹ̀, a kò ní san owó àga.

EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹgbẹ́ pátápátá. Àwa tí a ń bínú bí ọ̀gá kò bá fún wa ní ìbòmú ní ilé iṣẹ́, ǹjẹ́ a kì í jókòó sínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa, tí a ń ha àga, tí ọmọ wa sì ń ṣeré nínú eruku rẹ̀?

Eruku igi kì í ṣe ohun eré. Ní ọdún 1968, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe àga ní agbègbè High Wycombe, ìlú tí iṣẹ́ àga ti sọ di olókìkí. Wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ inú imú, tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ènìyàn yòókù, pọ̀ láàárín wọn lọ́nà tó yà wọ́n lẹ́nu. Ní ọdún 1995, àjọ tó ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé eruku igi wà lára ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Òṣìṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún fa eruku náà símú ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún, kì í ṣe ẹni tó ha àga kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Síbẹ̀, eruku ìrókò àti ti ọ̀fún ń fa ara yíyún àti ikọ́ lójú ẹsẹ̀ fún àwọn kan. Ìta ni kí ẹ ti ha á. Ẹ fi ìbòmú bo imú. Ẹ fi omi díẹ̀ wọ́n ilẹ̀ kí ẹ tó gbá a.

Èyí tó burú jù ni ọ̀dà àtijọ́ tó ní òjé nínú. Wọ́n ti ń da òjé sínú ọ̀dà tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin dè é nínú ọ̀dà tí à ń lò nínú ilé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò tètè tẹ̀lé wọn. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè sọ pé kò léwu. A kò gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010. Eruku òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀, tí àwọn òbí ń lọ̀ ní agboolé wọn, pa àwọn ọmọdé tó ju 400 lọ. Òkúta ni tiwọn, kì í ṣe ọ̀dà, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, ẹnu àti imú ọmọdé kan náà ni ó sì ń gbà wọlé. Nítorí náà, bí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí ibùsùn ọmọ bá ti gbó gan-an, tí ọ̀dà aláwọ̀ wà lára rẹ̀ tí ẹ kò mọ ìran rẹ̀, ẹ má fi sáńpépà gbẹrẹfu ha á. Ẹ rẹ ojú rẹ̀ kí ẹ tó ha á, kí eruku má baà fò. Ẹ lé àwọn ọmọ àti aboyún jìnnà. Ẹ kó gbogbo èyí tó bọ́ sínú ọ̀rá, ẹ dì í pa, kí ẹ sì fọ aṣọ iṣẹ́ yín lọ́tọ̀.

Oògùn tí wọ́n ń fi bó ọ̀dà náà, ẹ ṣọ́ra fún un. Irú kan wà tí èròjà methylene chloride wà nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ ti pa àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lò ó ní ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ní ọdún 2019, Amẹ́ríkà fòfin de títà á fún àwọn ará ilé tó fẹ́ fi bó ọ̀dà. Ẹ ka ara agolo kí ẹ tó rà á. Bí ẹ bá rí orúkọ yẹn níbẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ti ìkẹyìn ni àkísà. Àkísà tí a fi kun òróró lín-ín-sídì, tàbí fánísì tí òróró yẹn wà nínú rẹ̀, lè gbiná fúnra rẹ̀ bí a bá ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kan, láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Bí òróró náà ti ń gbẹ ni ó ń mú ooru jáde. Ní ọjọ́ 23, oṣù February, ọdún 1991, irú àkísà bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń tún ojú igi ṣe fi sílẹ̀ ní àjà 22 ilé gogoro kan ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà gbiná. Iná náà jó títí di ọjọ́ kejì, ó sì pa panápaná mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Àkísà lásán ló pa wọ́n. Bí ẹ bá ti kun àga tán, ẹ tẹ́ àkísà náà sílẹ̀ gbalaja níta títí yóò fi gbẹ tí yóò sì le, tàbí kí ẹ rì í sínú omi. Tínà àti sipírítì pẹ̀lú, ẹ má gbé wọn sún mọ́ sítóòfù, ẹ̀rọ amúnáwá tàbí sìgá.

BÍ KÒ ṢE NÍ TÈTÈ BÓ MỌ́

Ìtọ́jú kò gba owó púpọ̀. Ẹ fi kọ́tìnnì dí ojú oòrùn, tàbí kí ẹ sún àga kúrò lójú fèrèsé. Ẹ tẹ́ nǹkan sábẹ́ ìkòkò àti ife. Ẹ kan rọ́bà kékeré mọ́ ìdí ẹsẹ̀ àga kí ó má baà máa mu omi nígbà tí a bá ń fọ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Táyà tó ti gbó pọ̀ ní gáréèjì. Ẹ ta aṣọ sórí ibi ìgbọ́wọ́lé àti ibi ìgbórílé, bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ni kí ẹ máa fi nu eruku, kí ẹ sì fi èyí tó gbẹ tẹ̀lé e. Ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ fi ìda oyin díẹ̀ ra á lójú, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ dán an.

Kò sí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ tí kò mọ irú ìtọ́jú yìí. A ń fi òróró sí ẹ̀rọ ọ̀gá lójoojúmọ́, a sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀rọ ọ̀gá kì í dá lọ́jọ́ kan láìjẹ́ pé a mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá délé, ohun tí a fi òógùn ara wa rà, a kì í bojú wò ó títí yóò fi bàjẹ́. Èyí ni ó ń ká wa lára.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

A ní àbá mẹ́ta fún ẹ̀ka wa. Èkíní, kí ẹ̀ka ra irinṣẹ́ díẹ̀ tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yóò máa yá lò: irin ìhaọ̀dà, dìmú tí àwọn káfíńtà fi ń di igi pọ̀, bùrọ́ọ̀ṣì àti ìbòmú gidi. Sáńpépà tí a bá rà ní ọ̀pọ̀ yóò dínwó ju èyí tí olúkúlùkù ń rà ní ẹyọ ẹyọ. Èkejì, kí a yan Sátidé kan lóṣù, kí a pe àwọn àgbà wa tó ti fẹ̀yìn tì tí wọ́n mọ iṣẹ́ igi, kí wọ́n wá kọ́ wa ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí a sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa máa yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó kékeré fún àtúnṣe, kì í ṣe owó ńlá fún tuntun nìkan. Àwọn òbí wa mọ òṣómàáló tó ń jókòó ti ẹni tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ títí yóò fi san án. Òṣómàáló òde òní kì í lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Inú ìwé owó oṣù wa ló jókòó sí.

A fẹ́ fi èyí kún un. Bí ẹ bá gbé àga yín lọ fún káfíńtà tàbí ẹni tó ń fín fánísì, ẹ má ná iṣẹ́ rẹ̀ títí dé egungun. Òṣìṣẹ́ ni òun náà. Kò sí ọ̀gá tí yóò ra ìbòmú fún un, kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì tó ń dúró dè é. Ẹ bi í bóyá ó ní ìbòmú. Bí ó bá ní òun kò ní, ẹ mú ọ̀kan lọ fún un. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ọ̀rọ̀ wa gba ibòmíràn. A kò sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa lẹ àga àtijọ́ kí ọ̀gá lè máa san owó kékeré. Owó tó tó ra àga tuntun ni a ó máa béèrè, a kò sì ní dákẹ́. Ẹni tó ní owó nínú àpò, tí kò sì jẹ gbèsè oníṣòwò àga, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dúró ṣinṣin ní ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tí gbèsè ń mú mì ni ọ̀gá kọ́kọ́ máa ń rí pè sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ní ọ̀rọ̀ àga tó ń bó kan ẹgbẹ́.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹ tó pe alágbàtà, ẹ gbé àga náà jáde síta. Ẹ yí i dojú dé, ẹ fi ìka kan igi rẹ̀ ní kó, kó, kó. Bí ó bá dáhùn ṣinṣin, awọ ló bó, igi kò kú. Ẹ bọ́ aṣọ àkísà yẹn lọ́rùn rẹ̀, kí ẹ sì wọ tuntun fún un.

Ire o. A ó tún máa bá yín sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.